Ìlànà ẹ̀kọ́ fún dókítà eegun àti dókítà eléré ìdárayá l'Óṣogbo: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Dókítà_Òkèfìà · Ọjọ́ Ajé, 8:52 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní kí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì jókòó kọ ìlànà ẹ̀kọ́: bí a ó ṣe máa tọ́ dókítà tó fẹ́ di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú iṣẹ́ eegun, ká sì fi ìtọ́jú eléré ìdárayá kún un. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún wa. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín kí n tó fi ọwọ́ kan bírò.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, ẹnì kan mú ìwé ìlànà kan wá láti òkè òkun, ó ní ká ṣáà pààrọ̀ orúkọ ilé ìwòsàn tó wà níwájú rẹ̀. Mo kà á tán. Ìwé gidi ni. Ó sọ̀rọ̀ títí lórí bí wọ́n ṣe ń fi oríkèé irin rọ́pò orúnkún arúgbó. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí wọ́n ti fi ọparun dì fún ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, kò sí níbẹ̀. Ìbàdí àwọn ọmọ tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé orí eegun itan wọn mọ́ títí tí yóò fi rún, ìlà kan péré ló ní. Bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí ló ń kún bẹ́ǹṣì wa lọ́jọ́ kíliníìkì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò jẹ́ kí n sùn. Wọ́n gbé ọmọ ọdún mọ́kànlá kan wá láti abúlé kan lójú ọ̀nà Ìkìrun. Ó já bọ́ lórí igi máńgòrò, apá rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n ti dì í. Nígbà tí mo tú okùn náà, àwọn ìka rẹ̀ tutù bí omi àmù, wọ́n ti dúdú. Mo tẹ èékánná rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò padà síbẹ̀. Dókítà tó wà lábẹ́ mi ka gbogbo rẹ̀ fún mi láìṣì kan: bí ẹran apá ṣe ń wú nínú awọ tí kò lè fẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dí, bí ẹran náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Tó bá jẹ́ ìdánwò ni, yóò gba máàkì tó pé. Ó wá kọjú sí ìyá ọmọ, ó ní, "Màmá, a máa gé e." Obìnrin náà fa ọmọ rẹ̀ dìde, ó forí lé ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló sáré tẹ̀ lé e dé géètì, ó kúnlẹ̀, ó bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi padà.

Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ lọ sí i. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, ojú ìwé wo nínú ìlànà wa ló kọ́ dókítà yìí ní ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn ṣe?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. A ò ní ká da ìlànà NPMCN nù, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn dókítà akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní Nàìjíríà tó ti wà láti 1979, tàbí ti WACS, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn oníṣẹ́ abẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìdánwò wọn ló ń sọ dókítà di fẹ́lò, ìyẹn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó gbàwé ẹ̀rí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Tiwa ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, ní tíátà àti ní pápá bọ́ọ̀lù láàárín ìdánwò kan sí èkejì. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa fi ṣáájú?

Ìyá_Físíò · Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àfaradà. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ká mi lára.

Tèmi rèé, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́: àwọn dókítà eegun yín kì í mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rán awọ tán. Ọmọbìnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù wá bá mi. Okùn inú orúnkún rẹ̀ ti já, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un níbì kan, iṣẹ́ náà sì mọ́. Oṣù kẹfà, dókítà bi í pé, "Ṣé ó ń dùn ọ́?" Ó ní rárá. Wọ́n ní kó máa lọ gbá bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó fi téèpù wọn itan rẹ̀. Ọ̀tún ti tín-ín-rín ju òsì lọ, kódà ojú lásán rí i. Kò sẹ́ni tó ní kó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo fò. Nígbà tí èmi ní kó fò, ẹsẹ̀ tó yá gbé e jìnnà, èyí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kò gbé e dé ìdajì. Àmọ́ ó ti pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, okùn náà ti tún já.

Ó kéré tán, oṣù 9 ni kí ẹni bẹ́ẹ̀ tó padà sí pápá, kí ẹsẹ̀ náà sì tó fò dé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ti èkejì. Ẹ fi í sínú ìwé. Kí ẹ sì fi dókítà yín sọ́dọ̀ wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. N kò sọ pé kó wá kí wa o. Kó bá wa di ẹsẹ̀ aláìsàn mú, kó kà á, kó rí bí ojú èèyàn ṣe ń rí tí a bá ń tẹ orúnkún tó ti gan.

Ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó yí sínú náà ńkọ́? Ìlànà Ponseti dára púpọ̀: POP (ẹfun tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó máa ń le) ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí wọ́n gé iṣan gìgísẹ̀ díẹ̀, kí bàtà onírin wá tẹ̀ lé e, wákàtí 23 lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà tó bá ti ń sùn títí di bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Àwọn dókítà ń kọ́ POP, wọn kì í kọ́ bàtà. Ọmọ á sunkún lóru, ìyá rẹ̀ á bọ́ ọ, ẹsẹ̀ á tún yí padà.

Kóòṣì_Sábó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Èmi kì í ṣe dókítà. Àwọn ọmọ kéékèèké ni mo ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù, àgbà inú wọn ò ju ọdún 17 lọ. Gbogbo ilé ìwòsàn tí mo ní ni piọ́wọ́tà tó ti dì, báńdéèjì, àti róòbù.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ mi méjì forí gbára níbi tí wọ́n ti ń du bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ara òun le. Ó bi mí pé, "Kóòṣì, èló la ti jẹ?" Mo dá a lóhùn. Kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó tún bi mí. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ góòlù náà. Mo sì dá a padà sínú pápá, nítorí n kò mọ̀. Lóru ọjọ́ yẹn ló ń bì. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ló yọ èmi náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo tó gbọ́ pé ẹni tó bá forí gbá tí iyè rẹ̀ ò sì já geere mọ́, kò gbọdọ̀ tún wọ pápá lọ́jọ́ náà rárá. Mo ti ń ṣe kóòṣì tipẹ́ kí n tó gbọ́ ọ.

Àgùnbánirọ̀ kan tó jẹ́ dókítà ló kọ́ wa ní FIFA 11+, ìdárayá 15 tí a máa ń ṣe fún 20 ìṣẹ́jú ká tó gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ ráhùn pé sẹ́tì làwọn fẹ́ gbá. Ní báyìí, àwọn ni wọ́n ń rán mi létí. Ọrùn ẹsẹ̀ tó ń rọ́ ti dín kù lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ ọkàn ló wà nínú mi jù. Mo wà lọ́mọdé lọ́jọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, nígbà tí Samuel Okwaraji ṣubú ní pápá Sùúrùlérè níbi tí Nàìjíríà ti ń bá Àǹgólà gbá. Ọmọ ọdún 25 ni, kò dìde mọ́. Nígbà tí Christian Eriksen ṣubú ní Denmark ní ọdún 2021, wọ́n tẹ àyà rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń fi iná ta ọkàn jí i lójú ẹsẹ̀. Ó padà gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá láìlo ẹ̀rọ náà ń bu ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lára ìrètí pé ẹni náà á jí. Ẹ jọ̀ọ́, kí dókítà eléré ìdárayá yín mọ̀ ọ́n lò kó tó mọ ohunkóhun nípa orúnkún. Kó sì kọ́ èmi náà ní bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà, nítorí òun ò ní í sí níbẹ̀.

Résídẹ́ǹtì_Ọdún_Kẹrin · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:47 òru

Ọ̀gá mi, ẹ dákun, ẹ fi orí jì mí, mo fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ lókè yìí ló dáa. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń fi kún un tí ẹ ò yọ nǹkan kan kúrò, orí wa lẹ máa dì í lé. Mo ti wà lójú kọ́ọ̀lù láti àná. Nínú àwa tí a jọ bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ti jápa pọ̀ ju àwa tó kù lọ, iṣẹ́ wọn sì ti di tiwa.

Ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ mi ti kún. Tí ẹ bá ṣí i, ẹ máa rò pé mo ti di ọ̀gá. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, irin tí wọ́n fi ń fa ẹran sẹ́yìn ni mo dì mú fún wákàtí mẹ́ta, tí n kò sì rí inú ojú egbò. Iye ni ìwé náà ń bèèrè. Kì í béèrè pé kí ni mo fọwọ́ ara mi ṣe, ta ló sì ń wò mí.

Ohun kejì: wọ́n ń kọ́ wa pẹ̀lú ẹ̀rọ tí kò sí. C-arm tó ń fi eegun hàn lójú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí a bá ń gbá irin sínú eegun itan, tó bá ti bàjẹ́, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ irin SIGN wà, èyí tí dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Lewis Zirkle, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ní 1999. Ó ní apá ìdarí tó ń tọ́ka ibi tí ihò ìdè rẹ̀ wà nínú eegun, kò nílò C-arm rárá. Irú iṣẹ́ tó bá ohun tó wà lọ́wọ́ mu nìyẹn. Ẹ kọ́ wa ní èyí kó mọ́ wa lọ́wọ́ dáadáa, kí ẹ wá fi ti C-arm lé e.

Ìyá_Aránṣọ_Ìgbọ̀nà · Ọjọ́rú, 1:05 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. N kò lọ yunifásítì, aṣọ ni mo ń rán, ṣùgbọ́n ọ̀kadà gbá mi ní Ọláìyá, ojúgun mi ṣẹ́, wọ́n sì tọ́jú mi, mo ń tẹ máṣíìnì mi báyìí.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi dókítà yẹn sọ, iṣẹ́ wa ló dà bíi rẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó bá wá sọ́dọ̀ mi, bọ́tìnnì ló máa kọ́kọ́ máa gán, á máa ká etí aṣọ. Tó bá ti mọ́, n ó fún un ní apá aṣọ, èmi á jókòó tì í. Ó lè gé àǹkárá tara rẹ̀, tó bá bà á jẹ́, tiẹ̀ ló bà jẹ́. Lẹ́yìn náà ló máa gé ti oníbàárà, èmi á wà ní ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ òkè ìyàwó ló máa kẹ́yìn. N kì í ka oṣù fún wọn. Ọwọ́ wọn ni mò ń wò. Ọmọ kan lè mọ kọ́là rán kíákíá, kí ti ṣòkòtò má tíì yé e, n kò ní torí kọ́là gbé ṣòkòtò fún un. Ọjọ́ tí mo bá lè lọ sóde ìnáwó kí n sì fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un láìbojú wẹ̀yìn, ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ó ti tó fúríìdọ̀mù.

Ṣé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún dókítà ni?

Olùkọ́_Ìlànà · Ọjọ́rú, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ìyá wa, ẹ ṣeun púpọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń ṣètò ẹ̀kọ́, ohun tí ẹ sọ yẹn ni olùkọ́ kan ní Netherlands, Olle ten Cate, gbé jáde fún ẹ̀kọ́ dókítà ní 2005. Ó ní kí a dẹ́kun bíbéèrè pé ọdún mélòó ni ọmọ ti lò. Iṣẹ́ wo ni a lè fi lé e lọ́wọ́ ni ká béèrè, kí a sì mú iṣẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìpele márùn-ún ló ní: kó máa wò; kó ṣe é kí ọ̀gá dúró tì í; kó ṣe é kí ọ̀gá wà nítòsí; kó dá a ṣe; kó kọ́ ẹlòmíràn. Dókítà lè wà ní ìpele kẹrin nínú dídá ọrùn-ọwọ́ tó ṣẹ́ padà, kó ṣì wà ní èkejì nínú egbò tí eegun ti yọ síta. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Dókítà_Òkèfìà, ẹ má tíì kọ kókó ẹ̀kọ́ kankan. David Kern àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Johns Hopkins la ìgbésẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, ìṣòro tó wà nílẹ̀ ni ìgbésẹ̀ kìíní, ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣaláìní ni èkejì. Kókó ẹ̀kọ́ ò ní í yọjú títí di ìkẹrin. Ẹ gbé rẹ́jísítà kíliníìkì àti ti tíátà kalẹ̀, ẹ kà á. Ta ló wá? Kí ló ṣe é? Ìgbà wo ló dé? Ibo ló kọ́kọ́ lọ? Ìwé yẹn ni ìlànà ẹ̀kọ́ yín, ẹ kàn ní láti tún un tò ni.

Ọmọ_A-to-eegun · Ọjọ́rú, 10:18 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè, mo sì rò ó kí n tó kọ. Bàbá mi ń to eegun, bàbá bàbá mi náà to eegun. "Ibo ló kọ́kọ́ lọ?" Ọ̀dọ̀ wa ni.

Ẹ má bínú, ó dùn mí tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ wa bíi pé ńṣe la jókòó ti ọ̀nà láti ba ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ló wá sọ́dọ̀ bàbá mi tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ. Wọ́n ń wá nítorí a wà nítòsí, owó wa kò wọ́n, a kì í gé nǹkan, bàbá mi sì máa ń jókòó tì wọ́n. Ó máa ń bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kan ọmọ. Ohun tí nọ́ọ̀sì yín ṣe ní géètì, bàbá mi ń ṣe é lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́. Mo ti rí ọwọ́ tó kú. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ kan ń ké lóru pé okùn náà fún òun jù, tí àwọn àgbà sì ní kó fara dà á, pé eegun ló ń so pọ̀. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti kàwé díẹ̀, mo sì mọ̀ pé igbe yẹn ni àmì. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa rí. Dókítà kan ṣoṣo tó wá sílé wa rí, ó wá bú wa ni, ó sì lọ.

Dókítà_Òkèfìà · Ọjọ́rú, 10:55 alẹ́

Arákùnrin mi, mo tọrọ àforíjì. Mo ka ohun tí mo kọ lọ́jọ́ Ajé padà, mo sì rí i pé mo dárúkọ ọparun, n kò dárúkọ èèyàn tó dì í. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi béèrè lọ́wọ́ bàbá bóyá wọ́n á gbà kí n wá? N kò wá bú ẹnikẹ́ni.

Òròkí_ní_Káńádà · Ọjọ́bọ̀, 3:12 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ nílé. Ohun méjì péré. Níbí, láti 1996 ni wọ́n ti ń lo CanMEDS, tó ní ojúṣe méje fún dókítà. Ìmọ̀ ìṣègùn jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mímọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀ fún aláìsàn àti mímọ̀ ọ́n bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ náà ní àyè tiwọn, wọ́n sì ń dánni wò lórí wọn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣe àfikún, ẹ fún un ní máàkì.

Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé Òṣogbo kéré jù láti bẹ̀rẹ̀ nǹkan. Ní oṣù kejì ọdún 1976, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí dókítà eegun kan, James Styner, fúnra rẹ̀ ń wà já lulẹ̀ nínú oko ní Nebraska. Ìyàwó rẹ̀ kú, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin fara pa. Ìtọ́jú tí wọ́n rí ní ilé ìwòsàn ìgbèríko tí wọ́n gbé wọn lọ kò tó rárá. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ní ìpínlẹ̀ tiwọn níbẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀kọ́ tuntun, wọ́n sì kọ́kọ́ fi kọ́ni ní 1978. Òun ló di ATLS, ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹni tó fara pa, tí gbogbo wa ń kọ́ kárí ayé lónìí.

Dókítà_Òkèfìà · Ọjọ́ Àìkú, 7:30 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. Èmi àti Résídẹ́ǹtì ti jókòó ti rẹ́jísítà láti ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀kadà ló ṣáájú gbogbo rẹ̀, kò sí iyèméjì. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni iye àwọn ọmọdé, àti bí àwọn tí wọ́n kọ "ìbàdí ń dùn ún" sí níwájú orúkọ wọn ṣe jẹ́ ọ̀dọ́ tó ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde. A ti ń rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a ò rí wọn pọ̀ lójú kan rí.

Ibi tí ọkàn mi ti balẹ̀ sí rèé. A máa kọ iṣẹ́ bíi ogún sílẹ̀ tí dókítà gbọ́dọ̀ lè dá ṣe kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa, ìpele márùn-ún ti Ìyá Aránṣọ la ó sì fi máa wọ̀n ọ́n. Ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ kò ní í béèrè iye mọ́ láìbéèrè ìpele. Fífọ egbò tí eegun ti yọ síta àti fífún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò láàárín wákàtí kan ló wà lókè pátápátá. Irin tí kò nílò C-arm ṣáájú èyí tó nílò rẹ̀. Ìbàdí fọ̀níkú-fọ̀ladìde ní oṣù tirẹ̀, pẹ̀lú dókítà ẹ̀jẹ̀. Sísọ fún ẹbí pé a máa gé nǹkan jẹ́ iṣẹ́ kan fúnra rẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà wa sì wà lára àwọn tó máa fún un ní máàkì. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tako èyí gidigidi, ó ní nọ́ọ̀sì kì í dán dókítà wò. A ṣì ń fà á. N kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀.

Résídẹ́ǹtì, mo gbọ́ tìrẹ. Orúnkún irin ti kúrò nínú ohun tó pọn dandan, ó di ohun tí wọ́n á lọ wò níbi tí wọ́n ti ń ṣe é dáadáa, bóyá ní ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì l'Ékòó. Àyè tó ṣí sílẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà Ìyá Físíò máa wọ̀, títí kan bàtà àwọn ọmọ.

Kóòṣì, ẹ̀yà ti eléré ìdárayá ò ní í bẹ̀rẹ̀ ní tíátà. Pápá yín la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ tí ẹ bá gbà: sáà bọ́ọ̀lù kan gbáko, dókítà kan á máa wá ní gbogbo Àbámẹ́ta. Kò ní í yege àyàfi tí ẹ̀yin àti àwọn kóòṣì ẹlẹgbẹ́ yín bá lè tẹ àyà, kí ẹ sì mọ ẹni tó yẹ kó jókòó lẹ́yìn tó bá forí gbá. Ẹ̀yin lẹ máa dáhùn ìdánwò rẹ̀.

Kóòṣì_Sábó · Ọjọ́ Àìkú, 7:44 alẹ́

Aago méje àárọ̀ la máa ń bẹ̀rẹ̀. Kó wọ kánfáàsì wá o, ilẹ̀ wa máa ń rọ̀ lásìkò òjò.

Ọmọ_A-to-eegun · Ọjọ́ Àìkú, 9:02 alẹ́

Dókítà, bàbá ti gbà. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Wọ́n ní kí ẹ má gbé kámẹ́rà wá, kí ẹ sì mú àwọn dókítà kéékèèké dání, kí wọ́n jókòó sórí ẹní. Wọ́n fẹ́ kí ẹ kọ́ àwọn ní bí àwọn ó ṣe máa yẹ ìka wò lẹ́yìn dídì, àti irú egbò tí àwọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn rárá.

Ó ku ohun kan. Wọ́n ní tí ẹ bá ní X-ray ẹnì kan tí irú àwọn to eegun rẹ̀, kí ẹ jọ̀ọ́ mú un wá. Àádọ́ta ọdún ni àwọn ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn ò fojú rí inú rẹ̀ rí.

Dókítà_Òkèfìà · Ọjọ́ Àìkú, 9:10 alẹ́

Mo máa mú méjì wá, ọ̀kan tó so pọ̀ dáadáa, ọ̀kan tó wọ́. Ẹ bá mi kí bàbá.